Ṣíìpù 6W, mítà ń ka 20W: kí ló ń jẹ iná tí a bá ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà kékeré?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ní Intel N100 nínú, torí mo kà á pé 6W ni ṣíìpù náà. Mo fẹ́ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí n máa fi wo fídíò, kí n sì fi í sílẹ̀ ní títàn tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ṣí fídíò 4K nínú browser, àwòrán á máa há, á tún máa fò, fáànù á bẹ̀rẹ̀ ariwo, mítà tí mo kì bọ sókẹ́ẹ̀tì á sì máa ka nǹkan bíi 20W. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? Ẹnì kan ti ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n lọ ra Raspberry Pi 5, kọ̀ǹpútà orí bọ́ọ̀dù kan tó ń lo irú ṣíìpù tí wọ́n ń pè ní ARM, pé ARM ló mọ iná ṣọ́. Linux ni mo ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ rí sí i?

* * *

Ìdáhùn

Ẹnikẹ́ni ò lù yín ní jìbìtì. Nọ́ńbà tí ẹ fi ra ẹ̀rọ náà ni kò sọ ohun tí ẹ rò pé ó ń sọ. TDP ni 6W yẹn: ìwọ̀n ooru tí ohun ìtutù gbọ́dọ̀ lè gbé kúrò lórí ṣíìpù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀nba. Kò bá mítà ara ògiri dá májẹ̀mú kankan. Ẹni tó to àpótí náà ló ń pinnu nínú BIOS ibi tí ṣíìpù lè gùn dé, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń jẹ́ kó gùn kọjá 6W dáadáa kí ẹ̀rọ lè yá lójú oníbàárà. Ẹ wá ro RAM mọ́ ọn, ẹ ro SSD, ẹ ro káàdì Wi-Fi àti ohunkóhun tí ẹ fi há ojú USB, kí ẹ tó wá kan èyí tí ṣájà fúnra rẹ̀ sọ di ooru lásán kí iná tó wọ inú àpótí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Intel gbé Atom 230 jáde ní 2008, 4W ni TDP rẹ̀, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń pariwo bí iná rẹ̀ ṣe kéré tó. Chipset 945GC, ìyẹn ṣíìpù alábàárìn tí wọ́n so mọ́ ọn, ńkọ́? 22.2W. Lórí bọ́ọ̀dù D945GCLF tí Intel fúnra wọn ṣe, chipset ni wọ́n gbé fáànù lé lórí. Atom tí wọ́n ń polówó kò ní ju irin ìtutù kékeré lọ. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti ka iye tí wọ́n kọ sára ṣíìpù sí ìdáhùn sí ìbéèrè nípa iná.

Síbẹ̀, 20W fún fídíò kan ṣoṣo ti pọ̀ jù fún N100. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, ó yẹ kí mítà yín máa rìn káàkiri 10W, bóyá kó lé díẹ̀. Ohun tí 20W àti ariwo fáànù jọ ń sọ fún mi ni pé CPU ló ń tú fídíò yẹn, tí decoder, ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún títú fídíò nìkan, tó wà nínú ẹ̀yà àwòrán ṣíìpù kan náà sì jókòó láìríṣẹ́ ṣe. CPU lè ṣe é, bí ẹni tó ń fi àáké gé èékánná: iṣẹ́ náà á ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n ẹ wo wàhálà.

* * *

Lórí pé “CPU kékeré ò lè gbé 4K”

Mo mọ̀ pé èyí ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín, àwọn tó ń sọ ọ́ á sì gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ ra èyí tó lágbára jù. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Raspberry Pi àkọ́kọ́ tó jáde ní 2012, CPU rẹ̀ jẹ́ ARM tó ní core kan ṣoṣo, tó ń sáré 700MHz. Tí ẹ bá ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kan lórí rẹ̀, ẹ lè lọ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó padà wá. Àmọ́ ó ń gbé fídíò H.264 1080p láìfọwọ́ kan nǹkan, torí VideoCore, ẹ̀yà àwòrán tó wà nínú rẹ̀, mọ H.264, ọ̀kan nínú àwọn codec, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di fídíò. Ẹ fún un ní MPEG-2 tí DVD ń lò, tó rọrùn ju H.264 lọ fíìfíì, kò ní lè fi decoder rẹ̀ tú u àyàfi tí ẹ bá ra kọ́kọ́rọ́ ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni, fídíò tó le ń lọ geere, èyí tó rọrùn ń há.

Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́: ṣé decoder inú ṣíìpù mọ codec tí wọ́n fi di fídíò náà? Èkejì: ṣé sọ́fítíwíà tí ẹ ń lò ń gbé iṣẹ́ náà fún decoder ọ̀hún lóòótọ́? Ti àkọ́kọ́, N100 yege: H.264, HEVC títí dé 10-bit, VP9, àti AV1 pẹ̀lú. Nítorí náà, èkejì ni mo ń fura sí.

Ẹ ṣe èyí kí a tó tẹ̀síwájú. Bó bá jẹ́ YouTube ni, ẹ fi ọ̀tún mouse tẹ fídíò, ẹ yan “Stats for nerds”. Ní ìlà Codecs, avc1 ni H.264, vp09 ni VP9, av01 ni AV1. Ẹ wo iye “dropped” pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí intel_gpu_top nínú terminal bí fídíò bá ti ń lọ, kẹ́ ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Video sí. Tó bá dúró sí 0%, decoder ń sùn. (Ẹni tó bá wà lórí Windows, Task Manager ni kó lọ, kó wo Video Decode lábẹ́ GPU.)

* * *

Olùbéèrè padà wá

Mo ti ṣe é. av01 ni ó kọ, àwọn fírémù tó ń já sílẹ̀ pọ̀ gan-an, ìlà Video sì wà lórí 0%. Mo tún tẹ vainfo, ó ní òun ò rí driver kankan.

* * *

Ìdáhùn

Ó ti tán, ibẹ̀ ló wà. VA-API ni ọ̀nà tí sọ́fítíwíà lórí Linux ń gbà gbé iṣẹ́ fún decoder; driver rẹ̀ tí ṣíìpù yín nílò ni èyí tí wọ́n ń pè ní iHD. Lórí Debian àti Ubuntu, orúkọ àpò rẹ̀ ni intel-media-va-driver. Ẹ má fi i965 sí i. Ti àwọn ṣíìpù àtijọ́ nìyẹn, kò mọ N100 rí. Ẹ sì wo ọjọ́ orí kernel yín, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, torí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni N100 jáde, kernel tí wọ́n ti ṣe tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà lè máà dá ẹ̀yà àwòrán rẹ̀ mọ̀ rárá. Tí vainfo bá ti ń to orúkọ jáde, tí ẹ rí VAProfileAV1Profile0 pẹ̀lú VAEntrypointVLD níwájú rẹ̀, ẹ tún browser ṣí.

Firefox ti ń lo decoder Intel lórí Linux fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 115, ti 2023. About:support á sọ fún yín bóyá ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti Chrome, flag tó ń ṣí i máa ń yí padà láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà, kò sì sí ohun tí mo lè kọ síbí tí kò ní di ògbólógbòó. chrome://gpu ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi.

Àwọn distro (ẹ̀yà Linux) kan tún wà tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ H.264 àti HEVC kúrò nítorí ọ̀rọ̀ patent. Fedora ṣe bẹ́ẹ̀ sí Mesa, àkójọ driver àwòrán, ní 2022, àwọn oní-AMD sì jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé fídíò tó ń lọ dáadáa lánàá ti gbé CPU lọ sókè. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, wọ́n kàn ní láti lọ mú àpò mìíràn láti ibi ìkẹ́rù mìíràn ni.

Wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ fi h264ify sí browser, èyí tó máa ń fi ipá mú YouTube láti fi H.264 ránṣẹ́. Fún ẹ̀rọ tí kò mọ ju H.264 lọ, ìmọ̀ràn gidi ni. Fún N100, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn 4K nìyẹn, torí YouTube kì í fi H.264 ránṣẹ́ kọjá 1080p.

* * *

Ọ̀rọ̀ Raspberry Pi 5 yẹn

Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn kò purọ́ lórí iná. Tí Pi 5 bá wà láìṣe nǹkankan, nǹkan bíi 3W ló ń jẹ. Kì í sì í ṣe òótọ́ pé 27W ló ń jẹ nítorí pé ṣájà rẹ̀ jẹ́ 27W. Ohun tí ṣájà lè gbé wá nìyẹn, kì í ṣe ohun tí bọ́ọ̀dù ń bèèrè. Mo gbèjà rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ibi tí a ò ti gbọ́ra wa yé ni fídíò. Pi 4, ti 2019, ní decoder H.264 títí dé 1080p60 àti ti HEVC títí dé 4Kp60. Nígbà tí wọ́n ṣe Pi 5 ní 2023, wọ́n yọ decoder H.264 kúrò pátápátá. HEVC nìkan ló kù. Àlàyé wọn ni pé CPU tuntun náà ti lágbára tó láti tú H.264 fúnra rẹ̀, òótọ́ sì ni fún 1080p. Ṣùgbọ́n VP9? Kò sí, ní orí Pi 4 tàbí Pi 5. AV1? Kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. VP9 àti AV1 sì ni YouTube fi ń gbé 4K wá. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá gbé N100 jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ ra Pi 5 nítorí fídíò 4K inú browser, ẹ ti kúrò lórí ẹ̀rọ tí decoder rẹ̀ ń sùn bọ́ sórí èyí tí kò ní in rárá.

Ẹni tí àwọn fáìlì rẹ̀ jẹ́ HEVC, tó ń fi LibreELEC àti Kodi wò wọ́n, tí kò bá browser da nǹkan pọ̀, èmi náà á ní kó lo Pi. Pi 4 kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nìkan, kò sì gbọ́ ariwo mi rí.

Àwọn tó ní ARM kọjá Raspberry Pi tọ̀nà. RK3588 ti Rockchip lè tú AV1 4K60, ó sì ń tú HEVC àti VP9 dé 8K. Orí ìwé ló ti dùn bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbé Linux tí gbogbo ayé ń lò lé e lórí, ẹ ó rí i pé decoder wọ̀nyẹn wọ inú kernel gidi díẹ̀díẹ̀ ni. Fún ìgbà pípẹ́, kernel àtijọ́ tí ẹni tó ta bọ́ọ̀dù bá fún yín ló mọ̀ wọ́n, kì í sì í gbé àtúnṣe tuntun wá. Iṣẹ́ tí ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe lórí N100 lè gba òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa gbádùn ara rẹ̀.

* * *

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an! Video ti gun òkè nínú intel_gpu_top, mítà ti bọ́ sí 11W, fáànù dákẹ́. Ohun méjì ló kù. Nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí lọ nínú fíìmù, àwòrán ṣì ń ta kọ́sọ́kọ́sọ́ díẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan sọ pé decoder inú ṣíìpù máa ń ba ẹwà àwòrán jẹ́, pé CPU ló ń tú u dáadáa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

* * *

Ìdáhùn

Kí n mú èkejì kọ́kọ́, torí ó ń bí mi nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títú H.264, HEVC, VP9 àti AV1 ní ìlànà tó fi pixel kọ̀ọ̀kan lélẹ̀: decoder tó bá tẹ̀ lé ìlànà gbọ́dọ̀ mú àwòrán kan náà jáde, ì báà jẹ́ CPU, ì báà jẹ́ ẹ̀yà àwòrán. Dídi fídíò ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Níbẹ̀, sọ́fítíwíà tó fara balẹ̀ lè ṣe é dára ju ti inú ṣíìpù lọ ní ìwọ̀n fáìlì kan náà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti gbọ́ ọ tí wọ́n wá gbé e wá síbí. Tí ẹ bá rí ìyàtọ̀ gidi nígbà wíwò, ó wá láti ibi tí wọ́n ti ń fẹ àwòrán tóbi, tàbí tí wọ́n ti ń yí àwọ̀ padà, tàbí tí wọ́n ti ń tún fídíò interlaced ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tò, èyí tí wọ́n pín ìlà àwòrán rẹ̀ sí ìdajì méjì. Ẹ wá a níbẹ̀.

Ti fíìmù tó ń ta, mo rò pé kò kan decoder. Fírémù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ọ̀pọ̀ fíìmù. Tẹlifíṣọ̀n yín sì ń yí ojú rẹ̀ padà ní ìgbà 60. 60 ò pín sí 24 déédéé, torí náà fírémù kan á dúró fún ìgbà méjì, èyí tó tẹ̀ lé e á dúró fún ìgbà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa ṣe lọ. Nígbà tí kámẹ́rà bá dúró, ojú ò rí i. Tó bá ń yí lọ díẹ̀díẹ̀, ojú á rí i. Kodi ní ètò kan, “Adjust display refresh rate”, tó ń ní kí tẹlifíṣọ̀n bọ́ sí 24Hz fún fíìmù bẹ́ẹ̀. Browser kì í ṣe irú rẹ̀, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mi ò fi ń wo fíìmù gígùn nínú browser.

Ẹ tún wo ojú HDMI tí ẹ lò. HDMI 1.4 ò lè gbé 4K kọjá 30Hz. Ó di HDMI 2.0 kí 60Hz tó dé. Tẹlifíṣọ̀n kan lè ní ojú HDMI mẹ́ta kó jẹ́ pé ọ̀kan péré nínú wọn ló gba 4K60, tàbí kó jẹ́ pé ẹ ní láti lọ ṣí i nínú ètò tẹlifíṣọ̀n náà.

Ẹni tó ń fi mpv wo fídíò dípò browser, kó tẹ “i” bí fídíò bá ń lọ. Tó bá rí vaapi, ó dára. Tó bá jẹ́ vaapi-copy ló rí, decoder ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń da fírémù kọ̀ọ̀kan padà sínú RAM kí wọ́n tó tún gbé e lọ sójú. Lórí 4K, ẹrù ńlá ni, N100 sì ní ọ̀nà RAM kan ṣoṣo. Mítà yín á gun òkè díẹ̀, kò sì ní sí ohun tó hàn pé ó fà á.

* * *

Kí a wá padà sórí iná fúnra rẹ̀

Ẹ ní tọ̀sán-tòru ni ẹ fẹ́ kó wà ní títàn. Ká ní wákàtí 3 lẹ fi ń wo fídíò lóòjọ́. Àtúnṣe tí ẹ ṣe yìí gbé e láti 20W wá sí 11W: 9W lọ́nà wákàtí 3, 27Wh lóòjọ́. Ó dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n wákàtí 21 yòókù tí ẹ̀rọ náà kàn jókòó ńkọ́? Tó bá ń jẹ 10W ní ìjókòó tí ẹ sì rí i gbé wá sí 6W, 84Wh lẹ rí gbà padà lóòjọ́. Ìjókòó ni iná ti ń lọ. Gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa lórí ṣíìpù wo ló ń tú fídíò pẹ̀lú wáàtì díẹ̀, orí wákàtí 3 yẹn ni.

Ẹ tẹ powertop, kẹ́ ẹ wo bóyá ṣíìpù ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú oorun tó jinlẹ̀, ìyẹn àwọn C-state tí nọ́ńbà wọn tóbi. Tí kò bá kọjá C2 tàbí C3 ní ìlà Package, ohun kan ni kò jẹ́ kó sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, káàdì network tàbí SSD tí ASPM rẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀nà tó so ó mọ́ ṣíìpù lè sùn) wà ní pípa nínú BIOS ni. Nígbà mìíràn, ó jẹ́ ohun kékeré kan tí wọ́n fi há ojú USB tí wọ́n ti gbàgbé.

Dísìkì onírin ńlá, ti 3.5 íǹṣì yẹn, nìyí: ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi tó jẹ́ pé tó bá ń yí, iná tó ń jẹ sún mọ́ ti kọ̀ǹpútà náà tó jókòó. Èyí tó bá ń jẹ 5W láìdúró á jẹ 120Wh lóòjọ́, ó ti gbé gbogbo èrè tí mo kà lókè lọ, ó tún lé. Ẹ jẹ́ kó máa dúró tí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó, tàbí kẹ́ ẹ lo SSD. Ká má sì tíì dárúkọ tẹlifíṣọ̀n: èyí tó ń jẹ 75W fún wákàtí 3 ti jẹ 225Wh, kọ̀ǹpútà yín kò sì ní jẹ tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ẹni tó ní Pi 5 dára ní ìjókòó ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu níbí? 3W dípò 6W fún wákàtí 21, 63Wh lóòjọ́. Àmọ́ N100 mọ bí wọ́n ṣe ń sùn: ẹ lè ní kó suspend, kó jí bí ẹ bá tẹ kíbọ́ọ̀dù. Raspberry Pi ò ní suspend. Kódà tí ẹ bá pa Pi 5, ó ṣì ń jẹ iná díẹ̀, ó lé ní 1W, àfi tí ẹ bá kọ POWER_OFF_ON_HALT=1 sínú ètò EEPROM rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi nọ́ńbà rẹ̀ yangàn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

* * *

Fún àwọn tó ń béèrè nípa kọ̀ǹpútà kékeré ọ́fíìsì tí wọ́n ti lò

Ìran ṣíìpù ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo i5 tàbí i7. Intel ìran 6 tú HEVC 8-bit, kò mọ 10-bit, fíìmù 4K HDR sì jẹ́ 10-bit. Ìran 7 ló mú HEVC 10-bit àti VP9 wá dáadáa. AV1 ò dé títí di ìran 11, ní 2020. Lórí ìran 7 sí 10, Firefox lè máa sọ fún YouTube pé òun mọ AV1, torí dav1d, sọ́fítíwíà tó ń tú AV1, lè tú u lórí CPU. Ẹ lọ sí about:config, ẹ yí media.av1.enabled sí false, VP9 á máa wá, decoder á sì gbà á.

Iná wọn ní ìjókòó kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ẹni tó ti ní ọ̀kan nílé, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó ra tuntun nítorí wáàtì mẹ́rin.

* * *

Olùbéèrè

Ìbéèrè ìkẹyìn: ṣé kí n lọ BIOS kí n fi PL1, òpin wáàtì tí ṣíìpù lè máa jẹ láìdúró, sí 6W, kó lè bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu?

* * *

Ìdáhùn

Ẹ fi sílẹ̀. Tí decoder bá ń ṣiṣẹ́, fídíò ò ní sún mọ́ òpin yẹn, nítorí náà mítà yín ò ní yí padà nígbà wíwò. Kò sì ní yí padà ní ìjókòó. Ohun tí ẹ ó rí ni pé ojú ìwé á máa pẹ́ kó tó ṣí, CPU á sì máa pẹ́ lójú iṣẹ́ kó tó lè padà lọ sùn. Àpótí tí kò ní fáànù tó ń gbóná jù ni mo lè ní kí wọ́n sọ PL1 rẹ̀ kalẹ̀, tiyín sì ní fáànù. ASPM ni kẹ́ ẹ lọ wò nínú BIOS yẹn níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti débẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tí mítà kà fún wa.